Àyà Ò Tíì Kan Ilẹ̀

Èmi ni mo rán àga bọ́ọ̀sì náà. Èmi ni mo mọ̀ pé sípíríǹgì kan ti já nínú ẹ̀, tí orí ẹ̀ sì ń yọ sókè bí eyín ọmọ tuntun. Èmi ni mo fi fóòmù fẹ́lẹ́ bò ó, tí mo fa lẹ́dà lé e lórí, tí mo kan ìṣó yí i ká títí ó fi dà bí àga ọmọlúwàbí. Èmi náà ni mo sì jókòó lé e láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, láti Oǹdó dé Ìdànrè, tí mò ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn bí ẹni tí ara tù.

Ẹ má bi mí bóyá mo gbọ́n. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì kà á dáadáa.

Kì í ṣe ìdí tèmi ni mo ṣe àga yẹn fún. Ìdí àna mi ni. Àbúrò ìyàwó mi ni, ọkùnrin, tíṣà. Oǹdó ni wọ́n bí i sí, Àkúrẹ́ ló ti ń kọ́ ọmọ, ó sì máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì nu ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Ọdún tí mo fi jù ú lọ kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí nílẹ̀ wa: láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ti ń sọ "ẹ" fún un, ọmọ tó ṣì ń tọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Òun náà ń pè mí ní "ẹ̀gbọ́n". Ohùn rẹ̀ á dùn, ṣùgbọ́n bí mo bá wo ojú rẹ̀ dáadáa, mo máa ń rí i pé nínú ẹrẹ̀ ni mo ṣì wà lójú rẹ̀.

Inú ẹrẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ ìdána wa, ní iwájú ilé bàbá ìyàwó mi ní Oǹdó, òjò ti rọ̀ láti ìdájí. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹní náà kéré, àwa tí a wá láti Àkúrẹ́ sì pọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ fún ará ilé ìyàwó. Àwọn àgbà á gbàdúrà, wọ́n á ní kí wọ́n dìde, ó parí. Mo wọ agbádá funfun tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Òun nìkan ni ohun tó kù tí mo fi ń rántí rẹ̀, nítorí bàbá mi kò ya fọ́tò rí láyé ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Àdúrà ni mò ń retí. Ohùn tó dé lókè orí mi ni ti àna mi yìí, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù:

"Àyà ò tíì kan ilẹ̀! Ẹ dìde, ẹ tún un ṣe!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwàdà ìdána ni, a mọ̀ ọ́n. Mo dìde, mo tún un ṣe.

"Kò tíì kàn án! Ṣé bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ ní Àkúrẹ́ nìyẹn? Ẹ tún un ṣe!"

Ní ẹ̀ẹ̀kan sí i, mo ré kúrò lórí ẹní bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ní òmíràn, ṣòkòtò mi fàya níbi tí kò yẹ kí ṣòkòtò ti fàya lójú ìyá ìyàwó. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti dìde, wọ́n ní ó tó. Èmi nìkan ni mo wà nílẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká wọlé, ẹ̀rù sì mú èdè ilé wa bọ́ lẹ́nu mi. "Ulé" ni mo pè é. Ọmọkùnrin yẹn fò sókè: "Ulé! Ó ní ulé!" Gbogbo àgbàlá gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ẹrẹ̀ pupa Oǹdó kò kúrò lára agbádá bàbá mi títí di òní. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, a fi oríṣiríṣi nǹkan fọ̀ ọ́ títí aṣọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹrẹ̀ dúró.

Nísinsìnyí ẹ ti mọ ìdí tí mo fi fi sípíríǹgì sílẹ̀.

Àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí le. Àwọn èèyàn ń sun ilé epo mọ́jú kí wọ́n tó rí bẹntiróòlù. Ìyàwó ilé ń fi igi dáná nínú yàrá àlejò nítorí kò sí kẹrosíìnì. Iṣẹ́ àga mọ́tò tí mò ń ṣe lẹ́bàá ọ̀nà ní Àkúrẹ́ gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí àga mọ́tò rẹ̀ bá ya, àpò gaàrí ló ń tẹ́ lé e. Àwọn tíṣà náà ń wo òpin oṣù bí ẹni ń wo ọ̀nà àlejò tó ti gba ibòmíràn lọ. Àwa ọkùnrin ìjọ wa rù débi pé aṣọ ẹgbẹ́ ń dúró fúnra rẹ̀ lára wa. Ìyẹn ni alága ẹgbẹ́ ṣe ní kí a ṣe nǹkan kan tí yóò yọ ojú wa kúrò nínú ìdààmú: kí a háyà bọ́ọ̀sì gbọọrọ, kí a wá ẹni tí yóò máa ṣàlàyé nǹkan fún wa lọ́nà, kí a fi ọjọ́ kan lọ wo Oǹdó àti òkè Ìdànrè. Mo rántí pé ẹnì kan bèèrè pé kí ni a fẹ́ lọ wò lórí òkè tí a kò rí nílẹ̀. Alága ní atẹ́gùn ọ̀fẹ́ ni.

Bọ́ọ̀sì tí wọ́n rí háyà ti darúgbó. Wọ́n gbé e wá bá mi pé kí n tún àwọn àga rẹ̀ ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyàwó mi pè mí jókòó. Ìdána ọmọbìnrin wa ti sún mọ́lé, mo sì ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé pé ẹsẹ̀ àna mi kò gbọdọ̀ tẹ àgbàlá mi lọ́jọ́ náà.

"Baba wọn," ló wí, "àbúrò mi nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá mi. Bí kò bá jókòó lọ́jọ́ náà, èmi náà ò ní jókòó. Ẹ lọ wá ẹlòmíì tó máa ṣe ìyá ìyàwó."

"Kó wá bẹ̀ mí."

"Òun ní kí lòun ṣe? Ó ní àṣà ni."

"Ṣé àṣà ló ní kó fi bàbá mi nu ẹrẹ̀?"

Ó mọ̀ pé agbádá ni mò ń sọ. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun ti forúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀ fún ìrìn àjò ìjọ, àga kan náà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́. Ó ní bí a bá padà dé tí a kò tíì parí ẹ̀, òun á mọ̀ pé òun kò ní ọkọ, òun kò sì ní àbúrò.

Mo ní kò burú. Mo tún ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi wò mí títí, nítorí n kì í gbà kíákíá. Kò mọ̀ pé àga ni mo ti ń rò.

Ẹ̀gbẹ́ wíńdò ni mo ṣètò ọ̀rọ̀ náà sí. Mo mọ ìfẹ́ tí àwọn tíṣà ní sí wíńdò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, níwájú ilé ìjọsìn, àna mi dé nínú kóòtù rẹ̀ kan ṣoṣo, ó ti lọ̀ ọ́ dáadáa, bàtà rẹ̀ ń dán. Mo ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì.

"Àna mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò, ẹ̀yin lẹ kàwé, kí ẹ lè máa rí nǹkan."

"Háà! Ẹ̀gbọ́n!" Ó fọwọ́ gbá àyà. "Kí èmi jókòó síbi tó dáa, kí ẹ̀yin wà lójú ọ̀nà, kí àwọn èèyàn máa fẹsẹ̀ gbá yín? Ṣé kí wọ́n lè bú ìyá tó bí mi?"

"Rárá o, ẹ jókòó, àna mi."

"Láéláé, ẹ̀gbọ́n!"

Bàbá àgbà kan tó wà lẹ́yìn wa ti gbọ́. "Ẹ wo ọmọ tó mọ àgbà láyé ìsinsìnyí! Bàbá, ẹ jókòó jàre, ẹ má ba ìwà ọmọlúwàbí jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́." Gbogbo bọ́ọ̀sì fi ọwọ́ sí i. Bí àgbà bá kọ ìjókòó tí ọmọdé fún un ní gbangba, ìbéèrè ló máa tẹ̀ lé e, n kò sì ní ìdáhùn kankan tí mo lè sọ nínú bọ́ọ̀sì ìjọ. Mo jókòó.

Sípíríǹgì náà mọ bàbá rẹ̀.

Ẹni tó ń ṣàlàyé nǹkan fún wa jẹ́ ọmọbìnrin kan, ọ̀dọ́, ara rẹ̀ yá mọ́ni. Ó ní gbohùngbohùn àfọwọ́dìmú kan, ṣùgbọ́n bátìrì inú rẹ̀ náà ń jìyà bíi tiwa, kì í pẹ́ tó fi ń gbọ̀n, tí ohùn ọmọbìnrin náà á wá dà bíi ti ewúrẹ́. Á gbé e sílẹ̀, á pariwo lásán: "Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún yín o!" Gbogbo orí á yí sọ́tùn-ún. "Ẹ wo òsì!" Gbogbo orí á yí sósì. Èmi ń yí ojú nìkan. Ìdí mi ti ní ohun tó ń wò.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ. Mọ́tò máa ń bà mí lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mò ń fi mọ́tò jẹun. Àga tí wọ́n yọ nínú mọ́tò tó dojú dé ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi ní ọ̀pọ̀ ìgbà, pé kí n fún un ní lẹ́dà tuntun. Mo ti fọ ohun tí n kò ní sọ kúrò lára fóòmù. Nítorí náà, nígbà tí awakọ̀ wa dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà Oǹdó, tó sì pa ẹ́ńjìnì kí epo má bàa jó dànù, tí bọ́ọ̀sì dákẹ́ rọ́rọ́ tó ń yí lọ fúnra rẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé, mo di nǹkan kan mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúrà ìkẹyìn.

"Ẹ̀gbọ́n," àna mi sọ jẹ́jẹ́, "orúnkún mi nìyẹn."

Mo ní mo mọ̀. Mo ní mò ń wò ó bóyá kò rù jù ni.

Nígbà tí a wọ Oǹdó, ọmọbìnrin náà fi ààfin hàn wá, ó fi ilé ìjọsìn àtijọ́ kan hàn wá, ó ń sọ ẹni tó kọ́ ọ àti bí wọ́n ṣe ru òkúta rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń mi orí. Àwọn nǹkan tí èmi mọ̀ ní Oǹdó kò sí nínú àlàyé tirẹ̀. Mo mọ ibi tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ ìdána, tí mo ṣì funfun. Mo mọ ibi tí wọ́n ti fún mi lómi láti fọ ojú lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀sì yà sí àdúgbò kan, mo sì mọ òrùlé tó ń bọ̀ níwájú.

Àna mi dìde. Ó na ọwọ́ sí ọmọbìnrin náà, ó gba gbohùngbohùn. Bátìrì tó ti ń kú láti àárọ̀ bá jí fún un.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ wo ọwọ́ òsì yín! Ilé yẹn, ilé bàbá mi ni. Iwájú ilé yẹn ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó yìí ti fi àyà wá ilẹ̀ tí kò rí i!"

Ó sọ ọ́ tán pátápátá. Ó sọ òjò, ó sọ ẹní, ó sọ ṣòkòtò. Nígbà tó dé orí "ulé", bàbá àgbà ẹ̀yìn wa ń sunkún ẹ̀rín, ó ń gbá àga mi, gbogbo bó sì ṣe ń gbá a ni sípíríǹgì ń dáhùn nísàlẹ̀. Alága ẹgbẹ́ ní, "Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa rí!" Àwọn ará Àkúrẹ́ ẹgbẹ́ mi, tí àwọn náà ń pe ilé ní ulé nílé wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín jù.

Mo rẹ́rìn-ín. Eyín mi nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ohun tí mò ń sọ nínú ni pé: ó tán. Bó bá bẹ̀ mí lónìí, n kò ní gbà. Ìyàwó mi kò ní jókòó, kò burú, èmi nìkan á jókòó. Ọmọ mi á lọ ilé ọkọ láìsí ará Oǹdó kan níbẹ̀. Mo fi ẹrẹ̀ ara agbádá bàbá mi búra.

A jẹun lábẹ́ igi kan nítòsí ibi tí bọ́ọ̀sì dúró sí. Oníkálukú ló gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá, nítorí ẹgbẹ́ kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn. Ìyàwó mi, ọlọ́gbọ́n, di iyán tiwa sínú kúlà kan ṣoṣo, ọbẹ̀ sínú abọ́ kan ṣoṣo. Ẹran ńlá kan wà níbẹ̀, kékeré kan wà níbẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe: ó fẹ́ kí ọwọ́ wa pàdé nínú abọ́. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran. Mo mú ńlá. Mo jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀, mo fọ́ eegun rẹ̀ lójú rẹ̀, mo fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ kí ó lè gbọ́ ọ. Ẹ̀san kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀san ni.

Nígbà tí mo wojú rẹ̀, kò tiẹ̀ wò mí. Ó ti yọ bébà kan lápò kóòtù, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn èèyàn, ó ń di ẹran kékeré tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ká a, ó tún un ká, ó fi sápò. Ọmọ mẹ́ta ló ní nílé.

N kò fẹ́ rí ìyẹn. Mo bínú sí i pé ó jẹ́ kí n rí i. Ènìyàn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ìbínú bí ẹni ń tọ́jú adìyẹ ọdún, ẹnì kan á wá di ẹran bíńtín sínú bébà níwájú rẹ̀! Mo dìde lọ fọwọ́.

Ìdànrè kù. Òkè náà ti ń yọ lókèèrè kí a tó dé ìlú, òkúta dúdú ńláńlá tó dúró lé ara wọn lórí. Ọmọbìnrin náà ní gbogbo wa là ń gùn ún o, àtẹ̀gùn wà, ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù. Mo wo àna mi. Ojú rẹ̀ ti yípadà. Ayọ̀ mi kún.

Nítorí mo mọ àṣírí kan. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí ìgbéyàwó wa ṣì tuntun: àbúrò òun gun igi ọsàn lọ́mọdé, kò lè sọ̀kalẹ̀, ó dì mọ́ ẹ̀ka títí wọ́n fi wá àkàbà. Láti ìgbà náà, ohun tó bá ga ju àga lọ, kì í sún mọ́ ọn. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ, ó ń wo bàtà rẹ̀, "ẹ jẹ́ kí n dúró ti bọ́ọ̀sì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹrù."

Mo fọwọ́ gbá àyà bí òun ṣe gbá a láàárọ̀. "Háà! Àna mi! Kí ẹ̀yin dúró nísàlẹ̀, kí èmi àgbàlagbà máa dá gun òkè? Ṣé kí wọ́n lè bú ìyá tó bí yín?"

Bàbá àgbà ẹ̀yìn wa gbọ́. Ó máa ń gbọ́. "Ọmọ rere, ẹ tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n yín jàre!"

Ó tẹ̀ lé mi. Mo jẹ́ kó lọ síwájú, kí n lè máa rí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n. Ètò tí mo ní rọrùn: a ó dé òkè, yóò wo ìsàlẹ̀, yóò dojú bolẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, èmi yóò sì dúró lé e lórí, n ó pariwo ohun tó pariwo lé mi lórí. Mo ti ń gbìyànjú ohùn náà wò lẹ́nu. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ kékeré kan, pé èmi tí mò ń sọ yìí kò lè gun àpótí láti pààrọ̀ gílóòbù. Ìyàwó mi ló ń pààrọ̀ ẹ̀. Èmi ló ń di àpótí mú, èmi náà sì ni mò ń pariwo.

Àtẹ̀gùn ṣì dáa. Irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì dì í mú bí ìyàwó tuntun. N kò wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tán. Òkúta lásán ló kù níwájú, pẹrẹsẹ, ó tẹ̀ díẹ̀ sí apá kan, kò sí irin, kò sí koríko tí ènìyàn lè fọwọ́ bà. Ọmọbìnrin náà ti wà lókè níwájú pẹ̀lú àwọn yòókù, ó ń pè wá: "Ẹ máa bọ̀! Ẹ wá wo bí ìlú ṣe kéré nísàlẹ̀!"

Ohun tí kò yẹ kí ó sọ nìyẹn. Mo wò ó. Mo rí àwọn òrùlé páànù nísàlẹ̀ tóóró, bí ìdérí ìgò tí wọ́n dà sílẹ̀. Mo rí bọ́ọ̀sì wa, kò ju ìdun lọ. N kò mọ bí mo ṣe dé ilẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo na gbalaja lórí òkúta, àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì dì mọ́ ọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà lára rẹ̀, ó gbóná fún oòrùn. Àyà mi kan ilẹ̀. Kò sí àyà ọkọ ìyàwó kankan ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tó kan ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àna mi wà níwájú mi, ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ díẹ̀. Ó yíjú padà.

Mo pa ojú dé. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Mo ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí pàṣán: Àyà ò tíì kan ilẹ̀, ẹ dìde, ẹ tún un ṣe. Ìjọ á gbọ́ ọ, òkè á gbà á, wọn á sọ ọ́ ní Àkúrẹ́ títí n ó fi kú.

N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbọ́ bàtà tíṣà, ó ń fà á nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ èémí. Nígbà tí mo la ojú, àna mi ti dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, nínú kóòtù rẹ̀ kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ kọjú sí tèmi, òógùn bò ó.

"Ẹ̀yin bàbá!" ọmọbìnrin náà pè láti òkè. "Kí lẹ ń wá nílẹ̀?"

"À ń sinmi," ni mo wí.

"Ibi ìsinmi wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún o!"

"Ibí yìí tẹ́ wa lọ́rùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Ó ku àwa méjèèjì, imú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó dà bíi pé nígbà tí ènìyàn bá ti dojú bolẹ̀, ọ̀wọ̀ a máa dín kù. N kò tiẹ̀ sọ "ẹ" mọ́.

"Ìgbà wo lo máa bẹ̀ mí?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti dọ̀bálẹ̀."

"Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló dá ọ dọ̀bálẹ̀."

"Ẹ̀rù ló dá ẹ̀yin náà dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ẹ̀rù pé a ò ní fún yín ní ẹ̀gbọ́n mi."

Atẹ́gùn ọ̀fẹ́ tí alága ṣèlérí fún wa fẹ́ kọjá lórí wa, àwa méjèèjì tún dì mọ́ òkúta.

"O ba agbádá bàbá mi jẹ́," ni mo wí. "Bàbá mi ò ní fọ́tò. Agbádá yẹn ni mo fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìdána ọmọ mi. Kí ni n ó wá wọ̀?"

Ojú rẹ̀ yẹ̀. Ó dájú pé kò mọ ìyẹn. Ìyàwó mi kò sọ fún un, èmi náà kò sọ. Ọdún gbogbo yìí, a ti ń bínú sí ara wa lórí ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wa mọ̀.

"Mo ṣì kéré," ó sọ. "Ìyá wa ò sí nílé mọ́ nígbà náà, ìyàwó bàbá wa lẹ dọ̀bálẹ̀ fún. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń se oúnjẹ mi. Òun ló ń fọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi. Mo rò pé bí mo bá ń lé yín dìde, tí mò ń ní kò tíì tó, ó máa sú yín, ẹ ó máa lọ sílé, ẹ ó fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó fi èjìká nu òógùn ojú rẹ̀.

"Kò sú yín," ni ó wí. "Mo bínú pé kò sú yín."

Ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni mo ti dárí jì í. Rárá o. Mo ti jókòó lórí sípíríǹgì láti àárọ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn ara mi nínú gbohùngbohùn. Mo ti búra.

"Kò tíì tó," ni mo wí. "Dìde, tún un ṣe."

Ó wò mí. Ó rí i pé n kò ṣàwàdà. Ó gbé ọwọ́ kan sókè lára òkúta, ó gbé èkejì, ó dìde. Kò wo ìsàlẹ̀. Ó tún dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ sì kan òkúta, mo gbọ́ ọ.

"Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ ya. Bébà ẹran já bọ́ lápò kóòtù, ó ń yí lọ sí apá ibi tí òkúta tẹ̀ sí. Èmi tí n kò lè gbé orí sókè, n kò mọ bí ọwọ́ mi ṣe nà, mo gbá a mú kí ó tó lọ. Mo fi í sábẹ́ àyà mi.

Ó dùn, n kò ní purọ́. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀san kì í dùn, wọn kò gbà á lórí òkè rí. Gbogbo ìgbà tí àyà yẹn bá kan òkúta, ẹrẹ̀ kan ń kúrò lára bàbá mi. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àna mi wà nílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lára òkúta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò dúró kí n sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo lè máa tún un ṣe títí, ṣùgbọ́n òòyì òkè yìí ń kọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n wá ṣe ìyókù lọ́jọ́ ìdána, lójú gbogbo ẹbí, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú."

Mo fa bébà ẹran yọ lábẹ́ àyà mi, mo fi í lé e lọ́wọ́: "Ẹ tètè dé o, àna mi."